Ọ̀nà Tó Ń Lọ Bá Omi

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi ní Ogbe nílùú Bìní pé òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ológeere rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì létí odò, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ní kó ṣe ni pé kó pa máàpù dé ná. Máàpù fi odò hàn bí ìlà kan, ó fi títì hàn bí ìlà mìíràn, ojú a sì máa wá ibi tí ìlà méjèèjì ti jọ ń lọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n jọ ń lọ lóòótọ́, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ní ilẹ̀ Ẹ̀dó àti Dẹ́tà, agbára káká ni. Ọ̀nà tiwa kì í sábà bá omi rìn, ńṣe ló ń lọ bá omi. Á sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ gbígbẹ, á dé èbúté, á sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn ti ṣe ìdajì ètò ìrìn àjò rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, òṣùwọ̀n ibòmíràn ni yóò máa fi wọn ilẹ̀ wa, yóò sì máa rò pé ilẹ̀ náà kò dáa fún kẹ̀kẹ́.

Ìdí tí ti Yúróòpù fi yàtọ̀ kò ṣòroó rí. Kánáàlì Midi ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, tí Pierre-Paul Riquet bẹ̀rẹ̀ ní 1666, tí wọ́n sì parí ní 1681, gùn tó 240 kìlómítà. Ọkọ̀ tó ń kó ọkà àti wáìnì gba ibẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹṣin ló ń fi okùn fà á, ẹṣin sì gbọ́dọ̀ rí ibi tẹ̀ létí omi. Bákan náà ni Kánáàlì Erie ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n ṣí ní 1825, níbi tí ìbaaka àti ẹṣin ti ń fa ọkọ̀. Ti Chesapeake and Ohio, láti Cumberland ní Maryland títí dé Washington, gùn tó 297 kìlómítà. Iṣẹ́ ọkọ̀ parí lórí rẹ̀ ní 1924, ó sì di ọgbà ìtàn ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 1971. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀nà ẹṣin kù sílẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló sì jogún rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Maryland lè gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ọ̀nà yẹn láìsí mọ́tò tí yóò fọn fèrè sí wọn létí. Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, wọ́n tilẹ̀ dí kánáàlì tó wà níbẹ̀ pa, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ sì rọ́pò omi.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹṣin tó fa ọkọ̀ níbí rí. Òótọ́ ni pé idẹ Bìní fi àwọn ẹlẹ́ṣin hàn wá, ṣùgbọ́n eṣinṣin tsetse inú igbó ẹ̀gbẹ́ odò kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Àjẹ̀ àti ọ̀pá gígùn ni àwọn baba àwọn tó nilẹ̀ fi ń tu ọkọ̀, ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ kò sì nílò ọ̀nà kankan létí omi. Yàtọ̀ sí èyí, etí odò wa kì í ṣe ilẹ̀ líle. Àbàtà ni, igi ògùrọ̀ ni, ibi tí omi ìyọ̀ bá sì ti ń wọlé, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè láti inú ẹrẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ibi díẹ̀ tí ilẹ̀ gbígbẹ ti kan omi ni àwọn èèyàn tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti ń gbéra lọ sí ìlú.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan ò wọ Bìní. Láti King's Square, tí gbogbo wa ń pè ní Ring Road, tí ààfin Ọba sì wà nítòsí rẹ̀ ní Ogbe níbí, Akpakpava sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Ikpoba. Sapele Road lọ sí Ologbo létí odò Ossiomo. Sakponba Road lọ sí Sapoba, níbi tí odò Jamieson wà. Ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, Ekenwan Road ló lọ sí apá Gelegele àti Ughoton, èbúté àtijọ́ tó tó bíi 30 kìlómítà sí Bìní. Ughoton ni João Afonso de Aveiro, ará Pọtogí, gbà wọ ìlú yìí ní nǹkan bí 1486. Ibẹ̀ náà ni Giovanni Belzoni, ará Ítálì tó ti hú ọ̀pọ̀ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Íjíbítì, kú sí ní 1823 nígbà tó ń wá ọ̀nà lọ sí Timbuktu. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì kọlu Bìní ní oṣù kejì ọdún 1897, èbúté wọ̀nyí kan náà ni wọ́n gbà: agbo tó pọ̀ jù gba Ologbo, àwọn mìíràn lọ sí Ughoton àti Sapoba. Oníṣòwò, àlejò àti ọ̀tá, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tọ̀, nítorí ilẹ̀ kò fún wọn ní òmíràn. Oníkẹ̀kẹ́ tó bá gba ibẹ̀ lónìí ń tẹ̀lé ètò tí omi àti ilẹ̀ ti ṣe tipẹ́tipẹ́.

Àwọn àlejò mìíràn a máa rò pé yàrà ńlá tó yí Bìní ká, èyí tí àwọn Ẹ̀dó ń pè ní Iya, ni kánáàlì tiwa. Yàrà ogun ni. Ìtàn sọ pé Ọba Oguola ló bẹ̀rẹ̀ gbígbẹ́ rẹ̀, tí Ọba Ewuare sì fi kún un. Ó yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ dúró wò ó kó tó kúrò nílùú, kó sì bínú sí ìdọ̀tí tí a ń dà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà omi.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, èbúté la gbọ́dọ̀ fi ṣètò, kì í ṣe kìlómítà. Ọmọkùnrin kan tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn láti máa bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, kìlómítà mélòó la máa rìn lónìí?” Èsì mi kì í yí padà: “Àbúrò, èbúté tí a máa sùn sí ni kí o bi mí.” Létí odò Danube, láti Passau ní Jámánì dé Vienna, oòrùn oṣù kẹfà kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó bá sọnù níbẹ̀ ṣì ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ láti fi rí ọ̀nà. Níbí, ní oṣù kejìlá, ilẹ̀ ń mọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, ó sì ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Yọ wákàtí tí oòrùn fi ń mú jù kúrò níbẹ̀, láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́ta ààbọ̀, wàá rí i pé wákàtí méje ààbọ̀ péré ló kù fún gígun kẹ̀kẹ́. Lórí ọ̀dà tó dáa, mo máa ń fi ọjọ́ kan sí 50 sí 60 kìlómítà. Lórí ilẹ̀ pupa, 30 ti tó. Ẹni tó bá kọ 100 sílẹ̀ nítorí pé ó ṣe é nílẹ̀ òkèèrè ń fi òru ṣe èbúté.

Ètò tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ni èyí tó gbéra ní Ogbe tó sì padà sí Ogbe. Kó jáde gba Sapele Road ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kò tíì pọ̀. Ologbo tó bíi 30 kìlómítà. Odò Ikpoba àti odò Ogba tó gba ìlú Bìní kọjá, inú Ossiomo ni wọ́n ń ṣàn lọ, Ossiomo sì ń ṣàn lọ sínú Odò Bìní. Kó wò ó dáadáa láti orí afárá, kó jẹun, kó sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, kó yà sí ọ̀nà Koko. Èbúté àwọn Ìṣẹ̀kiri ni Koko, ọmọ Yorùbá tó bá sì farabalẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yóò rí i pé èdè náà kò jìnnà sí tiwa. Ilé Nana Olomu wà níbẹ̀, ó sì ti di mùsíọ́mù. Nana ló ń darí òwò epo pupa lórí Odò Bìní kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọkọ̀ ogun kọlu ìlú rẹ̀, Ebrohimi, ní 1894, tí wọ́n sì lé e lọ sí Gold Coast. Ó padà dé ní 1906, ó sì kú ní 1916. Èbúté kan náà yìí ni ọkọ̀ òkun kó àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí, tí àṣírí rẹ̀ sì tú ní 1988, èyí tó mú kí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀ lọ́dún náà. Mo fẹ́ kí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ wa mọ ìtàn méjèèjì kí wọ́n tó débẹ̀. Ohun rere àti ohun burúkú, ẹsẹ̀ omi ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀.

Láti Koko, Sapele ló kàn. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ pákó ńlá ti UAC wà nígbà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní AT&P. Nígbà náà, ìtì igi ni wọ́n ń so pọ̀ bí àtẹ́ gbọọrọ, tí omi á sì máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti inú igbó. Láti Sapele lọ, nǹkan yí padà, ìdí sì nìyí tí mo fi yan ọ̀nà yìí: odò Ethiope àti títì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn. Eku, Abraka, Obiaruku, Umutu, ìlú wọ̀nyí tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlòdìsí ìṣàn odò. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, omi rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ ní Abraka. Igi ló sábà máa ń bo odò náà lójú ẹni tó wà lórí títì, ṣùgbọ́n kì í jìnnà. Èèyàn kàn ń bèèrè ọ̀nà odò ni, á sọ̀ kalẹ̀, á wẹ̀, á tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nítòsí Umutu ni Umuaja wà, níbi tí odò náà ti ṣẹ̀ lẹ́sẹ̀ igi àràbà kan. Ojúbọ ni ibẹ̀ jẹ́ fún àwọn ará ìlú. Ẹ bọ́ bàtà bí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ ọ, ẹ má ya fọ́tò bí wọn kò bá fàyè gbà á. Ẹni tó ti rí Odò Bìní ní Koko, tó sì wá rí orísun Ethiope ní Umuaja, ti rí ohun tí ẹni tó wà nínú mọ́tò kò lè rí. Láti ibẹ̀, Agbor kò jìnnà. Títì márosẹ̀ láti Agbor sí Bìní kún fún tírélà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ di kẹ̀kẹ́ mọ́ orí bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì wọlé gba Ikpoba Hill láìfarapa.

Àsìkò ni ohun kejì tí ètò gbọ́dọ̀ dúró lé. Láti àárín oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kejì ló dára jù. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa á lẹ̀ mọ́ táyà, á kún ààrin fọ́ọ̀kì, kẹ̀kẹ́ kò sì ní yí mọ́. Ní apá ìsàlẹ̀, ní Gelegele àti Koko, òkun ló ń darí omi: á kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì, àkókò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú sún síwájú lójoojúmọ́. Bí omi bá ti fà, ọkọ̀ lè jókòó sórí ẹrẹ̀ títí yóò fi tún kún. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ gbọ́dọ̀ bi atukọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bí omi yóò ṣe rí ní aago mẹ́jọ. Odò Ọya ní ọjọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ló máa ń kún jù ní apá wa. Ní 2012 àti 2022, àkúnya rẹ̀ wọ Ilushi àti àwọn ìlú tó wà lágbègbè Agenebode, ó sì lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé. Kò yẹ kí ẹni tó ń ṣeré ìsinmi lọ di ẹrù lé wọn lórí nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bèèrè ló ṣe pàtàkì. Bí o bá bi èèyàn pé, “Ṣé ọ̀nà yìí dáa?” á ní ó dáa, nítorí pé kò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́. Lọ bá ọlọ́kadà tó ń kó gàárì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ ọjà. Kí i dáadáa, “Koyo” bó bá jẹ́ Ẹ̀dó, kí o sì bi í ìgbà tó gba ibẹ̀ kẹ́yìn, ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ láti ti ọ̀kadà rẹ̀, àti ẹni tó ń ta omi lọ́nà. Ìdáhùn mẹ́ta yìí tó ṣètò ọjọ́ kan. Tún bèèrè ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn Ẹ̀dó: Eken, Orie, Aho àti Okuo. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà èbúté kan, ọkọ̀ á pọ̀, oúnjẹ á wà, àwọn èèyàn á sì wà lójú ọ̀nà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá bọ́ sí i, o lè jókòó títí kí ọkọ̀ kan tó kún.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà sí i, kó lọ rí Odò Ọya. Láti Ekpoma, ọ̀nà gba Uromi àti Ubiaja sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ilushi. Orí òkè tó tẹ́jú ni ilẹ̀ Esan wà, odò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, kànga sì jìn. Níbi tí èèyàn ti ń sún mọ́ odò tó tóbi jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gan-an ni òǹgbẹ ti ń gbẹ ẹ́ jù. Ẹ gbé omi tó tó líta márùn-ún lọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò ní Ekpoma. Bí ẹ bá gba apá Auchi, Agenebode lẹ máa já sí, Idah ní ilẹ̀ Igala sì wà lódìkejì omi.

Gbígbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ní Agenebode ní ọgbọ́n tirẹ̀. Mo máa ń tú gbogbo àpò kúrò lára kẹ̀kẹ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ omi, nítorí kẹ̀kẹ́ tó rù máa ń yọ́ lọ́wọ́ lórí ẹrẹ̀. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú férémù, mo sì so ó pa. Lẹ́yìn náà ni mo bi atukọ̀ pé, “Bàbá, ibo lẹ fẹ́ kó wà?” Òun ló mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbé ìwúwo sí. Bó bá ní kí a dùbúlẹ̀ rẹ̀, apá tí ṣéènì wà ni mo máa ń kọ sókè, kí omi inú ọkọ̀ má bàa kàn án. Mo fi aṣọ àtijọ́ wé pẹ́dà kó má gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. N kì í so kẹ̀kẹ́ mọ́ ara mi tàbí mọ́ ìjókòó. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí kẹ̀kẹ́ máa lọ, kí èmi kù. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì máa ń wà lọ́rùn mi, tèmi tí mo gbé láti ilé. Ní òdìkejì, kí n tó gun kẹ̀kẹ́, mo fi omi mímu díẹ̀ ṣan iyanrìn kúrò lára ṣéènì, mo nù ún, mo kán òróró sí i. Ibi tí omi ìyọ̀ bá wà, ìpẹtà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́.

Nípa kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: kẹ̀kẹ́ tí fọkanáísà abúlé lè tún ṣe ló dára jù. Túùbù 26 wà káàkiri ní ọjà wa. Ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, kò sí ní Umutu, kò sì sí ní Ilushi.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fi sẹ́yìn. Ajínigbé wà ní àwọn igbó kan ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó àti Dẹ́tà, ìròyìn ibi tí wọ́n wà sì ń yí padà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan lọ. Ẹni mẹ́rin ló kéré jù, ẹnì kan nílé gbọ́dọ̀ mọ èbúté tí a fẹ́ sùn sí àti aago tí ó yẹ kí a pè, kí a sì bá àwọn ọlọ́dẹ ìlú tó wà níwájú sọ̀rọ̀ kí a tó kúrò nínú èyí tí a wà. Bí wọ́n bá ní kí a má gba ọ̀nà kan, a kì í jiyàn. A máa ń wọ mọ́tò kọjá ibẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò afẹ́, ilé ìtura ńlá ló máa ń wà lẹ́nu wọn. Ohun tí èmi ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì ní ẹsẹ̀ omi kọ̀ọ̀kan, pátákó tó sọ orúkọ odò náà àti ibi tó ń ṣàn lọ, àti yàrá mímọ́ kan tí àlejò lè sùn sí. A kò nílò láti la ọ̀nà ẹṣin sínú àbàtà. Ọ̀nà wa ti wà, ó ń so ilẹ̀ gbígbẹ pọ̀ mọ́ omi láti ìgbà àwọn baba ńlá àwọn tó nilẹ̀. Bí èbúté bá kú, ọ̀nà yẹn di ọ̀nà òfo. Owó tí oníkẹ̀kẹ́ bá fi ra ẹja, tó fi wọ ọkọ̀, tó fi sùn, wà lára ohun tí kò ní jẹ́ kó kú.

Ẹni tó bá ń gbé ní Bìní tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má ronú ọ̀sẹ̀ kan ná. Kó lọ sí Ologbo ní ọjọ́ Àìkú kan, kó sì padà lọ́jọ́ náà. Nǹkan bí 60 kìlómítà ni àlọ àti àbọ̀. Kó jókòó létí Ossiomo tó wákàtí kan, kó bi àwọn ará ibẹ̀ ìgbà tí omi ń kún, ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ọjọ́ tí wọ́n ń nájà. Bó bá délé tó sì lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo máàpù, ó ti ṣetán láti lọ jìnnà.